Àníkẹ́, eegun ti so, ẹsẹ̀ ńkọ́?

Àníkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí ẹ́kísíréè tó o fi ránṣẹ́, mo fẹ̀ ẹ́ dáadáa lórí fóònù, mo wo ti iwájú mo wo ti ẹ̀gbẹ́, eegun ojúgun ẹ ti so, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo tún gbọ́ fóìsì nóòtù tó tẹ̀lé e, èyí tó o fi ń pariwo pé dókítà ti ní kó o máa lọ, pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí Breckenridge yá, ẹ tún ń lọ síkì lórí òkè yìnyín, pé ẹ ti ṣètò mọ́tò tán. Mi ò fẹ́ fi fóìsì nóòtù dá ẹ lóhùn torí mo mọ̀ ẹ́, tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú kan o ti sún un síwájú. Jókòó kó o ka eléyìí.

Dádì ẹ ní kí n bá òun sọ fún ẹ pé kó o má débẹ̀ mọ́ láyé, ó ní nínú ìran òun, ta ló so pákó mọ́ ẹsẹ̀ rí tó ń fi yọ̀ bọ̀ láti orí òkè. Mo ní kó sinmi jàre. Ṣebí èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní 2018 tó ń patẹ́wọ́ nígbà tí Simidele Adeagbo dojú bolẹ̀, tó fi orí ṣíwájú, tó ń sáré lórí yìnyín ní Pyeongchang fún Nàìjíríà, 2022 náà nígbà tí Samuel Ikpefan fi síkì rìn ní Beijing lórúkọ Nàìjíríà, gbogbo ìgbà yẹn kò rántí pé yìnyín kì í ṣe tiwa. Ní Colorado tó o wà yẹn gan-an, ní Aspen, làwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń síkì ti kó ara wọn jọ ní 1973, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní National Brotherhood of Skiers ti jáde. Torí náà èmi ò ní sọ pé kó o má lọ. Wàá padà, wàá tún gbádùn ẹ̀. Sátidé yìí ni mi ò fọwọ́ sí.

Kó yé ẹ, eegun ni dókítà yẹn wò o. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó sì ṣe é dáadáa, mi ò bá a wí. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ ohun tó sọ, ó ní kó o padà sídìí gbogbo ohun tó o ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí ara ẹ bá ṣe gbà á sí. O gbọ́ "gbogbo ohun tó o ń ṣe tẹ́lẹ̀", o ò gbọ́ "bí ara ẹ bá ṣe gbà á sí". Kò ní kó o fi ẹsẹ̀ kan fò lójú òun, kò fi téèpù wọn itan ẹ, kò béèrè ìgbà tó o rí físíò kẹ́yìn, torí ká ní ó béèrè ni, ṣé wàá sọ fún un pé láti oṣù kẹsàn-án lo ti dá a dúró torí owó tí ìnṣọ́ráǹsì ní kó o máa fi kún un?

Jẹ́ n ṣàlàyé bí eegun ṣe ń so fún ẹ, má bínú, mo mọ̀ pé o ti gúgù ẹ̀. Ọjọ́ tó kán ẹ̀jẹ̀ dì yí ojú ibẹ̀ ká, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara á hu ohun rírọ̀ kan síbẹ̀ tí á fi di ẹnu méjèèjì mú, ohun rírọ̀ yẹn á wá máa le títí á fi di eegun, ṣùgbọ́n eegun tó wú tó rí ṣágiṣàgi ni, òun ni kókó tó o ń fọwọ́ bà lójúgun tó o ní ó ń ba ẹwà ẹsẹ̀ ẹ jẹ́. Irú èyí tó ṣe ẹ́ yìí tí wọ́n ti irin bọ inú mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n fi síkúrù dè é lókè nísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó so, ti ẹlòmíì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí dókítà bá gbé ẹ́kísíréè iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ sójú kan, ẹ̀gbẹ́ eegun mẹ́rin ló ń wò, tó bá rí i pé ó kéré tán mẹ́ta nínú ẹ̀ ti so kọjá, á ní ó ti jinná. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà yẹn lara wá ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ eegun yẹn, á mú èyí tó pọ̀jù kúrò, á fi kún ibi tí ẹrù ń gbà kọjá, gbígbẹ́ yìí sì lè ju ọdún kan lọ dáadáa, kò sì sí bó o ṣe lè sáré sí i, ìrìn ẹ àti oúnjẹ ẹ ló ń ṣe é.

Níbi tá a gbé dàgbà l'Ọ́yọ̀ọ́ tí ẹnìkan bá kán lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun, bàbá á ní kí wọ́n mú adìẹ kan wá, á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ yẹn náà, á fi òrí pa á, á fi igi dì í bó ṣe di ti aláìsàn, tí adìẹ bá ti dìde tó ń rìn kiri ọgbà, wọ́n á sọ fún aláìsàn pé òun náà á dìde láìpẹ́. Adìẹ kì í pẹ́ jinná ṣá, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti ń jẹ̀ kiri. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì mo rí àwọn tó dìde pẹ̀lú adìẹ tí ẹsẹ̀ wọn sì so ní wíwọ́. Ìwọ tó máa ń fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín, ẹ́kísíréè yẹn ni adìẹ tìẹ o. Adìẹ ti rìn, ìwọ náà fẹ́ dìde sáré.

O fi fídíò Hermann Maier ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́sí pé kí n wo ẹni tí wọ́n ti irin sí lẹ́sẹ̀ tó tún gba ìdíje. Mo wò ó. Onísíkì ará Austria yẹn, oṣù kẹjọ 2001 ló ní jàm̀bá alùpùpù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ kù díẹ̀ kó lọ, oṣù kìíní 2003 ló tó padà sórí ìdíje, kí oṣù yẹn tó parí ó gba super-G, ìyẹn irú ìdíje síkì kan, ní Kitzbühel. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni Kitzbühel. Èmi ń wo ohun tó wà láàárín, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan ààbọ̀, ọkùnrin yẹn kò sì níṣẹ́ mìíràn láyé ju ẹsẹ̀ yẹn lọ, ó ní dókítà tiẹ̀ ó ní físíò tiẹ̀ ó ní ẹni tó ń bá a ṣe ìdárayá láàárọ̀ lálẹ́. Ìwọ ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́jọ. Lindsey Vonn, onísíkì Amẹ́ríkà, náà ńkọ́, oṣù kejì 2013 ló ṣubú ní Schladming, okùn orúnkún já, orí eegun ojúgun kán, oṣù kọkànlá ọdún yẹn náà ó wà lẹ́nu ìgbáradì ní Copper Mountain tí kò jìnnà síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, ó ṣubú, orúnkún yẹn náà ló tún ṣe é, kò rí Olympics Sochi lọ. Má sọ fún mi pé ó kán lápá ní 2016 tó sì padà ní bí oṣù méjì tó tún gba ìdíje ní Garmisch. Mo mọ̀. Apá nìyẹn, apá kì í gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀ òkè.

Ọ̀rọ̀ iṣan ló ká mi lára jù. Lọ dúró síwájú dígí láìwọ ṣòkòtò kó o wo itan ẹ méjèèjì, kó o wo ẹran ẹsẹ̀ ẹ lẹ́yìn. Ọ̀kan ti rù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré tí ẹsẹ̀ kò bá gbẹ́rù iṣan á ti máa yọ́, kì í sì í padà bó ṣe lọ, ó máa ń lọ́ra gan-an. Síkì sì wá jẹ́ iṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń jẹ iṣan itan ju ìgòkè lọ, torí gbogbo ìgbà ni iṣan yẹn ń di ara ẹ dúró kó má lọ, ó ń fà ó sì ń nà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sáré lórí ẹ̀rọ ní jíìmù lójoojúmọ́ á ṣe ọjọ́ kan lórí yìnyín tí kò ní lè jókòó sórí ṣáláńgá lọ́jọ́ kejì. Torí náà, padà sọ́dọ̀ físíò. Ní kó dán ẹsẹ̀ yẹn wò fún ẹ: kó o sọ àtẹ̀gùn láìdi ibì kankan mú, kó o jókòó sórí àga kó o fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dìde kó o sì fi rọra jókòó padà láìsí gbì, kó o fi ẹsẹ̀ kan fò síwájú kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wọn ti ẹsẹ̀ kejì náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá ni kí ẹsẹ̀ tó kán ṣe tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èyí tó dáa ṣe, kí orúnkún má sì máa wọ́ sínú tó o bá balẹ̀. Má lọ máa dá fò ní pálọ̀ o, mo mọ ìwà ẹ.

Bàtà síkì ńkọ́? Ibi tí eegun ẹ ti kán, wò ó dáadáa, gẹ́rẹ́ níbi tí ẹnu bàtà yẹn parí sí ni. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti sọ bàtà síkì di pílásítíìkì gíga tó le, ọrùn ẹsẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewu dáadáa, ojúgun ni gbogbo agbára yẹn wá ń já lé. Bàtà yẹn á tún tẹ ojúgun ẹ lójú ibẹ̀ gan-an ní gbogbo ìgbà tó o bá tẹ̀ síwájú, síkúrù ìsàlẹ̀ náà sì wà nítòsí ọrùn ẹsẹ̀, ara bàtà lè máa ha á. Wọ̀ ọ́ nílé. Wọ̀ ọ́ tó o bá ń wo fíìmù lálẹ́, lónìí díẹ̀, lọ́la kó pẹ́ díẹ̀ sí i, tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀, tó bá dùn ẹ́ lójú eegun, gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún bàtà síkì ṣe, wọ́n lè fi iná rọ pílásítíìkì yẹn kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ níbi tó ń há. Má rò pé tó o bá fún ìdè ẹ̀ pọ̀ sí i á dípò ẹran ẹsẹ̀ tó ti rù.

Binding náà, àní binding gan-an. Ohun tó ń jẹ́ kí pákó yẹn já kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ kí eegun tó gbọgbẹ́ nìyẹn, nọ́ńbà DIN tó wà lórí ẹ̀, tó ń sọ bó ṣe máa le tó kó tó já, kì í ṣe nọ́ńbà ọlá o. Ìwọ̀n ara, gíga, ọjọ́ orí, gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà àti bó o ṣe ń síkì ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Ìwọ̀n ara ẹ kì í ṣe ti ọdún tó kọjá mọ́ (má bínú, mo rí fọ́tò Thanksgiving). Gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fi ẹ̀rọ dán an wò, tí wọ́n bá sì fún ẹ ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n béèrè irú onísíkì tó o jẹ́, Type I ni kó o kọ, ẹni tó ń rọra lọ. O ti ń kọ Type III tẹ́lẹ̀, mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn tó máa ń fi irinṣẹ́ àpò ẹ̀ yí binding gbogbo èèyàn ní páàkì mọ́tò, kó má fọwọ́ kan tìẹ. Kó o tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, gbọn yìnyín kúrò lábẹ́ bàtà. Láti bí àwọn ọdún 1970 tí binding ti ń dáa sí i ni ojúgun kíkán ti dín kù gan-an lórí òkè, orúnkún ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí ààbò nínú ẹ̀, torí náà má fi ṣe agídí.

Ẹ̀rù á bà ẹ́. Kì í ṣe ojo, ara tó ti fara gbá kì í gbàgbé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tẹ́rù ń bà á máa fi ìdí sẹ́yìn, á máa fẹ́ jókòó, bó o bá sì ti jókòó sẹ́yìn lórí síkì, iwájú pákó ò gbọ́ tìẹ mọ́, orúnkún ló ń lọ. Sanwó fún olùkọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, sọ fún un pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi eegun kíkán bọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé. Ṣé o ò rí i pé owó ìyẹn kéré sí owó áńbúláǹsì tó o san ní oṣù kejì.

Sátidé yìí wá ńkọ́, ìdí tí mo fi ní kó o má lọ. Oṣù kọkànlá la wà. Yìnyín tó wà lórí òkè báyìí, ẹ̀rọ ló da púpọ̀ nínú ẹ̀, ó le, ó ń yọ̀, ọ̀nà díẹ̀ péré ni wọ́n ṣí, gbogbo Denver á sì kóra jọ sórí ọ̀nà díẹ̀ yẹn ní Sátidé, àwọn ọmọdékùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró á máa já lu èèyàn láti ẹ̀yìn. O lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó o ṣe kí ẹlòmíì wá kán ẹ́ lẹ́sẹ̀. Tó bá di oṣù kìíní yìnyín gidi á ti pọ̀, ọ̀nà á ti ṣí, físíò á sì ti rí nǹkan ṣe sí itan yẹn. Lọ láàárín ọ̀sẹ̀, gba ọ́fù lọ́jọ́ Túsìdeè. Má bẹ̀rẹ̀ ní Breckenridge, Loveland wà níbẹ̀ kó o tó wọ tọ́nẹ̀ẹ̀lì Eisenhower, wọ́n ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Valley tó jẹ́ ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, dúró síbẹ̀. Àmì róbótó aláwọ̀ ewé nìkan, ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́, kò sí inú igbó, kò sí orí gegele. Kúrò lórí òkè nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ ṣì lágbára, má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́, ìrọ̀lẹ́ yìnyín tún máa ń dì padà, ojú kì í sì í ríran dáadáa torí gbogbo ibi ti funfun bákan náà. Gbólóhùn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kán eegun jù ni "ẹ̀ẹ̀kan péré sí i kí n tó lọlé".

O máa sọ pé owó Epic Pass, ìwé ìwọlé síkì yẹn, ti wọlé, pé ṣé kó ṣòfò ni. Owó yẹn ti lọ, Àníkẹ́. Bó o lọ Sátidé ó ti lọ, bó ò lọ ó ti lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ náà, ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún ẹ nígbà tó o wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀nà tìẹ lọ́dún yìí, tí wọ́n bá ti gun orí òkè, ìtìjú lásán á mú kó o tẹ̀lé wọn. Bá wọn lọ jẹun nílẹ̀ tó bá wù ẹ́, jókòó sínú ilé tí wọ́n ti ń ta tíì gbígbóná, kó o máa ya fọ́tò wọn.

Nípa ìrora: iṣan tó ń ro ẹ́ ní itan méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe nǹkan. Èyí tó o lè fi ìka kan tọ́ka sí lójú eegun, tàbí tó ń jí ẹ lóru, tàbí tí ẹsẹ̀ wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó o wá ń tiro, dúró, pe dókítà. Tí ìbà bá wọ̀ ọ́ tí ojú iṣẹ́ abẹ sì pọ́n tó gbóná, ọjọ́ yẹn náà ni kó o lọ, torí irin wà nínú ẹ. Má gbé ibuprofen mì láàárọ̀ kó o tó lọ kó o má bàa gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ lórí òkè, má fi ẹsẹ̀ ara ẹ sọ̀ kalẹ̀, pe àwọn ski patrol, ìyẹn àwọn tó ní àmì àgbélébùú lára jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi ohun ìfàgbé wọn gbé ẹ wálẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ò ní mọ̀ torí kò kàn wọ́n. AS ni ẹ́. Ìlú Breckenridge fúnra ẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9,600 sókè, orí òkè ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000, atẹ́gùn fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn AS kan tí wọ́n bá gun ibi gíga bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé spleen wọn, ẹ̀yà ara kan lábẹ́ ìhà òsì, dáadáa. Kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ṣàdédé ní ìrora gidi lábẹ́ ìhà òsì lórí òkè, má ní ó jẹ́ ata àná, sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó o sì sọ fún wọn ní ọsibítù pé AS ni ẹ́, torí wọn lè má rò ó. Mu omi gan-an, sùn dáadáa kó o tó lọ.

Jẹun, Àníkẹ́. Sàláàdì kì í so eegun. Ẹ̀wà, mọ́ín-mọ́ín, ẹyin, mílíìkì, ẹja Títùsì, sàdíìnì tó o bá lè jẹ eegun ẹ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ wa dúdú, oòrùn ìgbà òtútù lọ́hùn-ún kò ní ṣe fítámì D tó fún ẹ, ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ kó o tó máa ra egbòogi inú ike kiri. Ṣíṣà tẹ́ ẹ̀ ń fà ní ọjọ́ Fúráìdeè yẹn, mo rí i lórí Instagram, Dádì ẹ ò rí i. Nikotíìnì máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ojú eegun tó ń so kù, ó sì lè fa ìjinná ẹ̀ sẹ́yìn. Jọ̀ọ́.

Pe ilé físíò yẹn ní Mọ́ńdè, owó tí ìnṣọ́ráǹsì ní kó o fi kún un màá san án fún ẹ títí oṣù kìíní á fi wọlé, fi ìwé owó ránṣẹ́ nìkan. Tí wọ́n bá ti fún ẹ lọ́jọ́, tẹ̀ ẹ́ sí mi lórí WhatsApp, má pè lọ́sàn-án, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe títí di Ọjọ́bọ̀, mo máa ń sùn.

Màámi ẹ